Ẹ Má Pè É Ní Àgàn Kí Ẹ Tó Mọ Ohun Tí Ó Dí Ọ̀nà

Olùkọ́ ìwé fún àwọn àgbà ni mí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ní. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní kíláàsì wa mú kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, kí n sì ka ohun tí mo lè kà. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ẹ má bínú. Òtítọ́ korò.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì wa. Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ní alẹ́, òun ni ó ń nu pátákó. Ó ti lo ọdún mẹ́fà nílé ọkọ, kò bímọ. Nígbà tí ó ṣe, a kò rí i mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó ní àjẹ́ ni, ó ní ó ti jẹ gbogbo ọmọ inú rẹ̀ tán. Ọkọ dúró síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Oṣù kò tíì pé méjì tí wọ́n fi gbé ìyàwó mìíràn wọlé.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ni ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Dókítà sọ fún un ní èdè Faransé pé àwọn "trompe" rẹ̀ méjèèjì ti dí. Ó bi í bóyá inú ti rún un gidigidi rí. Ìgbà náà ni ó rántí. Ní ọdún tí ó wọlé ọkọ, abẹ́ ìdodo rún un fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ gbóná. Ní àsìkò yẹn gan-an, ọkọ rẹ̀ ń tọ̀ tí ó ń ké. Ọkọ ra egbògi lọ́jà, ó gbé e mì ní kọ̀rọ̀, ara rẹ̀ yá. Kò sọ fún ìyàwó. Ìyàwó ń mu àgbo ibà.

Ta ni ó wá jẹ ọmọ inú rẹ̀? Èmi kò rí àjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo rí àìsàn tí a kò tọ́jú. Mo rí ọkọ tí ó pa ẹnu mọ́. Mo rí ìyá ọkọ tí kò bèèrè.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pe obìnrin ní àgàn, kò yẹ kí a lé e nílé, kí ọkọ àti ìyàwó tó jọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìkà ni ó ṣe. Ó sì fi àìsàn náà sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà

Ilé ọmọ wà ní àárín abẹ́ ìdodo obìnrin. Nígbà tí kò sí oyún nínú rẹ̀, kò tóbi ju ìkúùkù lọ. Àpò ẹyin kan wà ní apá ọ̀tún, òmíràn wà ní apá òsì. Láti ìhà àpò ẹyin kọ̀ọ̀kan dé ilé ọmọ, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Ọ̀nà ẹyin ni èmi ń pè é. Òun ni Faransé ń pè ní trompe. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Ibi tí ó há jù nínú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Oníṣègùn ará Itálíà kan tí ń jẹ́ Gabriele Falloppio ti kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1561. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwa ni a kò tètè gbọ́.

Lóṣooṣù, ẹyin kan máa ń já láti inú àpò ẹyin. Ọ̀nà ẹyin ní ìka wẹ́wẹ́ ní ẹnu rẹ̀, àwọn ìka yìí ni ó ń gbá ẹyin wọlé. Inú ọ̀nà náà ni irúgbìn ọkùnrin ti ń pàdé ẹyin. Kì í ṣe inú ilé ọmọ, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò. Bí ẹyin kò bá rí irúgbìn pàdé, kì í lò ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó kú. Bí wọ́n bá pàdé, wọn yóò di ọ̀kan, ohun kékeré náà yóò sì rìn fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó dé ilé ọmọ. Irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Bí afárá bá já lójú ọ̀nà Kétu sí Pọ́bẹ̀, ọjà yóò ha dé? Ọkọ̀ lè dára, awakọ̀ lè mọ iṣẹ́, ọjà lè kún inú ọkọ̀. Bí ọ̀nà bá ti dí, ọjà kò ní dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ara obìnrin. Ó lè máa rí nǹkan oṣù rẹ̀ déédéé, ara rẹ̀ lè le, kí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ sì dí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wí pé, "Ó ń rí nǹkan oṣù, kò sí ohun tí ó ṣe é, ọwọ́ ayé ni," kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Kí ni ó ń dí ọ̀nà náà?

Kòkòrò àrùn ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù. Àtọ̀sí jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní chlamydia. Inú ìbálòpọ̀ ni a ti ń kó àwọn méjèèjì. Kòkòrò náà yóò gun òkè láti ojú ara dé ilé ọmọ, yóò sì ti ibẹ̀ wọ ọ̀nà ẹyin. Ibẹ̀ ni yóò ti ṣe egbò. Nígbà tí egbò bá jinná, àpá ni yóò kù. Ẹ ti rí àpá iná lára ènìyàn rí, bí ó ti ń fa awọ jọ. Bẹ́ẹ̀ ni àpá ṣe ń fa ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ náà jọ títí ihò rẹ̀ yóò fi pa dé. Nígbà mìíràn omi yóò gbá jọ sínú rẹ̀, yóò sì wú.

Ohun tí ó burú nínú chlamydia ni pé kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní i kì í rí àmì kankan. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin náà kì í rí i. Kò sí ìrora, kò sí ooru, ṣùgbọ́n ó ń ba ọ̀nà jẹ́ lábẹ́lẹ̀ bí ikán ti ń jẹ igi àjà.

Ó sì tún ní àwọn ohun mìíràn. Bí ọwọ́ tàbí irinṣẹ́ tí kò mọ́ bá wọ inú obìnrin nígbà ìbímọ, kòkòrò lè bá a wọlé. Bí oyún bá bàjẹ́ tí nǹkan sì ṣẹ́kù sínú, bákan náà ni. Bí wọ́n bá ṣẹ́ oyún ní kọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà, ewu rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ikọ́ fée lè wọ ibẹ̀. Àpẹ́ńdísì tí ó bẹ́ sínú lè fi àpá síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti bímọ kan tẹ́lẹ̀ fi lè máa wá èkejì fún ọdún púpọ̀.

Láàárín ọdún 1979 sí 1984, àjọ ìlera gbogbo ayé tí à ń pè ní OMS ṣe àyẹ̀wò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọkọtaya tí ń wá ọmọ ní orílẹ̀-èdè 25. Nínú àwọn obìnrin Áfíríkà tí wọ́n yẹ̀ wò, ó ju 8 lọ nínú 10 tí ohun tí wọ́n bá lára wọn lè jẹ́ iṣẹ́ kòkòrò àrùn. Ní Sweden, àwọn dókítà tẹ̀lé àwọn obìnrin tí kòkòrò ti wọ ọ̀nà ẹyin wọn. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí ní ọdún 1992. Nínú 100 obìnrin tí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà dí fún 8. Nínú 100 tí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó dí fún bí 20. Nínú 100 tí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dí fún 40. Ẹ rí i bí ó ti ń di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹni tí a bá tètè tọ́jú, tí kò sì tún kó o padà, ó ṣeé ṣe kí a gba ọ̀nà rẹ̀ là.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ yín nìyí

Ọkùnrin ni mí, n kò ní fi òótọ́ pamọ́ nítorí yín. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ọ̀nà wọn dí, ọwọ́ ọkọ wọn ni wọ́n ti kó àìsàn náà. Wọn kò rìn lọ síbì kan.

Àwọn kan nínú yín yóò wí pé, "Èmi ti bímọ lóde, kò sí ohun tí ó ṣe mí. Kí n lọ ṣe àyẹ̀wò kí ni?" Ìdáhùn mi nìyí. Ẹni tí ó bímọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti kó àìsàn ní ọdún tí ó kọjá. Kòkòrò yìí lè ba ọ̀nà irúgbìn ọkùnrin náà jẹ́. Àti pé òde tí ẹ fi ń yangàn yẹn gan-an ni ó ṣeé ṣe kí àìsàn ti wọlé.

Ní nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí kò rí ọmọ, ọwọ́ ọkùnrin wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ìyàwó. Àyẹ̀wò ọkùnrin kò sì ní ìrora. Spermogramme ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń gba àtọ̀ sínú agolo kékeré, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wò ó. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí owó iṣẹ́ abẹ ìyàwó. Kí ló dé tí obìnrin yóò kọ́kọ́ lọ dùbúlẹ̀ fún gbogbo àyẹ̀wò líle, tí ọkùnrin yóò sì sọ pé ojú ń ti òun?

Bí a bá tọ́jú ìyàwó tí a kò tọ́jú ọkọ, ńṣe ni à ń gbá ilé tí a tún ń da ìdọ̀tí padà sínú rẹ̀. Bí ìyàwó bá jẹ́ mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọkọ ni kí wọ́n jọ gba ìtọ́jú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Àwa Nàgó ni a ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní ọdún 2001, UNESCO gbé e jáde pé ọ̀kan nínú ohun iyebíye ayé ni. Ta ni à ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún? Àwọn ìyá ni. À ń jó ní òru kí a lè bu ọlá fún obìnrin. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, ṣé ó yẹ kí a máa kó ẹrù obìnrin síta nítorí pé ara rẹ̀ ṣàìsàn?

Àgbo ńkọ́? Egbògi ọjà ńkọ́?

N kò bá àwọn adáhunṣe jà. Bàbá bàbá mi mọ ewé, mo sì mu àgbo rẹ̀ dàgbà. Ṣùgbọ́n àpá ni àpá ń jẹ́. Kò sí àgbo tí ẹ lè mu tí yóò pa àpá iná ọwọ́ yín rẹ́. Báwo ni ó ṣe máa pa èyí tí ó wà nínú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́? Ẹni tí ó bá sọ fún obìnrin pé, "Mú ewúrẹ́ méjì àti owó wá, n óò la ọ̀nà rẹ," láìwo inú rẹ̀, ó ń jẹ owó rẹ̀ ni. Ó sì ń jẹ ọdún rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí ni ó dùn mí jù. Owó lè padà, ọdún kì í padà. Bí obìnrin bá ti lé ní ọdún 35, ẹyin rẹ̀ ń dín kù. Ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́jọ ní ojúbọ àti lọ́dọ̀ àwọn wòlíì kí ó tó rí dókítà, iṣẹ́ dókítà ti le jù.

Egbògi òyìnbó tí wọ́n ń tà nínú abọ́ lọ́jà náà kò dára. Ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá, ẹ kò mọ iye tí ẹ óò lò. Horo méjì lè dá ìrora dúró, kòkòrò kò kú. Nígbà tí kòkòrò bá wọ ọ̀nà ẹyin, ìtọ́jú rẹ̀ máa ń gbà tó ọjọ́ 14. Ẹni tí ó dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kẹta nítorí pé ara ti tù ú, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Kí ni dókítà lè ṣe?

Àkọ́kọ́, yóò wo ibi tí ọ̀nà dí. Wọ́n máa ń da omi kan sínú ilé ọmọ láti ìsàlẹ̀, wọn yóò sì ya fọ́tò tí à ń pè ní radio. Bí ọ̀nà bá ṣí, a óò rí omi náà tí ó ń kọjá. Bí ó bá dí, omi yóò dúró. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá, kí ẹyin tó já, ni wọ́n ń ṣe é. Ó lè dunni díẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀nà lè sún kì nítorí ìrora, kí ó dà bí ẹni pé ó dí. Nítorí náà, ẹ má sunkún lójú ẹsẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kí a tún un wò. Dókítà mìíràn lè la ojú kékeré sí abẹ́ ìdodo kí ó fi ẹ̀rọ wo inú.

Bí ọ̀nà kan bá dí tí èkejì ṣí, obìnrin ṣì lè lóyún. Bí àpá bá jẹ́ díẹ̀, iṣẹ́ abẹ lè tú u. Bí ọ̀nà bá ti bàjẹ́ pátápátá, ọ̀nà mìíràn wà: kí a yọ ẹyin jáde, kí a pò ó mọ́ irúgbìn ọkọ lóde ara, kí a sì gbé e padà sínú ilé ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fo ibi tí ó dí. Obìnrin ará Ìlú Ọba kan, Lesley Brown, wá ọmọ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀nà ẹyin rẹ̀ méjèèjì dí. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1978, ó bí ọmọbìnrin kan, Louise, ní ìlú Oldham. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí a bí lọ́nà yìí. Ní ọdún 1989, wọ́n ṣe é ní Èkó nítòsí wa.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Owó ìtọ́jú yìí pọ̀, ó lè kọjá mílíọ̀nù kan sẹ́fà. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń mú ọmọ wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè san án. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kí a má jẹ́ kí ọ̀nà dí rárá. Owó egbògi àtọ̀sí kò tó owó àgùntàn kan.

Ewu kan tún wà. Bí ọ̀nà bá dí díẹ̀, oyún lè há sínú rẹ̀. Kò lè dàgbà níbẹ̀. Ó lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú. Bí obìnrin kò bá rí nǹkan oṣù, tí abẹ́ ìdodo rẹ̀ ń dùn ún ní apá kan, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, tí òyì ń kọ́ ọ, ẹ má ṣe wá àgbo. Ẹ pe zemidjan, ẹ pe ọkọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn. Bí ẹ bá pẹ́, ó lè kú.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Bí ọkùnrin bá ń tọ̀ pẹ̀lú ìrora tàbí tí ọyún ń jáde, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

2. Bí obìnrin bá rí omi tí ó ń rùn tàbí ìrora abẹ́ ìdodo pẹ̀lú ara gbígbóná, kí ó má dúró.

3. Kí ọkọ àti ìyàwó jọ gba egbògi, kí wọ́n lò ó tán. Kí wọ́n má sún mọ́ ara wọn títí ìtọ́jú yóò fi parí.

4. Ẹni tí kò lè jókòó sílé, kí ó lo kapótì. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín ọkùnrin àti obìnrin.

5. Ẹ bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí tí ó kọ́ iṣẹ́. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn ìbímọ, ẹ padà lọ.

6. Bí ọdún kan bá pé tí oyún kò dé, kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Bí ìyàwó bá ti lé ní 35, kí wọ́n má dúró ju oṣù mẹ́fà lọ.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo bẹ̀ yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni ẹ lè sọ fún ọmọ yín pé, "Bá ìyàwó rẹ lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan lè gba ilé là. Bí ọmọ kò bá sì wá dé mọ́, ènìyàn ni obìnrin náà síbẹ̀. Àìbímọ kò sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ di asán, kò sì sọ ọ́ di ẹni tí a ń jù sóde.

Obìnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ ti padà sí kíláàsì wa. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń gbé. Ó ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, ó ń ta gàrí, ó sì ń kọ iye owó ọjà rẹ̀ sínú ìwé fúnra rẹ̀. Ìyàwó tí wọ́n gbé dé lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì bímọ. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun náà bí àjẹ́. Ọkọ kò tíì lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà, ẹ ka ìwé yìí sí etí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ẹ kà á níbi tí ọkùnrin pọ̀ sí.